Bí ẹ ṣe lè tọ́jú owó onírin àtijọ́ sínú ilé ní Ìbàdàn

Owó onírin kì í jẹrà bí iṣu, ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ nìyẹn. Ẹni tó bá kó kọ́bọ̀ onihò, tọ́rọ́, sísì àti ṣílè ayé òyìnbó jọ, tó dà wọ́n sínú agolo mílíìkì, tó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á rò pé iṣẹ́ ti parí. Lọ́jọ́ tó bá padà ṣí agolo náà lẹ́yìn ọdún méjì, á rí i pé idẹ ti yọ ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé, 10 kọ́bọ̀ ọdún 1991 ti dógùn-ún mọ́ ara wọn, fàdákà sì ti dú bí ìdí ìkòkò. Olè ò wọlé o. Afẹ́fẹ́ Ìbàdàn ló jà wọ́n.

Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, òjò kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìlú yìí gbẹ. Láàárọ̀ oṣù keje, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sábà máa ń kọjá 80 nínú 100. Ibi tí owó onírin fẹ́ kò gbọdọ̀ ju 50 lọ, èyí tó bá sì jẹ́ irin, tàbí idẹ tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, 40 sílẹ̀ ló bá a lára mu. Bí a ṣe máa mú 80 yẹn wálẹ̀ sí 40 nínú àpótí kékeré kan ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí dá lé. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju 300 ẹyọ lọ ni a ń bá sọ̀rọ̀. Kò nílò séèfù, kò sì nílò ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú irin tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ wá òòfà kan. Èyí tó wà nínú sípíkà rédíò tó ti kú náà tó. Ẹ fi bébà pélébé sáàárín òun àti owó kó má baà ha owó lára, kí ẹ wá máa dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan.

Èyí tí òòfà bá gbé, irin ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo owó onírin Nàìjíríà tí wọ́n rọ ní 1991 wà níbẹ̀: irin tí wọ́n fi bàbà bò ni 1, 10 àti 25 kọ́bọ̀, irin tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò ni 50 kọ́bọ̀ àti náírà kan. Àwọn tó jáde lóṣù kejì ọdún 2007 náà ń bẹ níbẹ̀, ìyẹn 50 kọ́bọ̀, ₦1 àti ₦2 tí wọ́n kọ 2006 sí lára. Àwọn ọmọdé yìí ló sì ń kú ṣáájú àgbà. Fẹ́lẹ́ ni awọ tí wọ́n fi bo irin wọn. Ibi tó bá ti họ, omi inú afẹ́fẹ́ á gbabẹ̀ wọlé, ìpáàrà á wú lábẹ́ awọ náà, á sì ṣí i kúrò bí èèpo àlùbọ́sà.

Èyí tí òòfà ò bá gbé pín sí ọ̀nà púpọ̀. Idẹ pupa ni ààbọ̀ kọ́bọ̀ àti kọ́bọ̀ kan ti 1973. 5 kọ́bọ̀ tó ní kòkó lára, 10 kọ́bọ̀ ọlọ́pẹ àti 25 kọ́bọ̀ ẹlẹ́pà ti ọdún yẹn kan náà jẹ́ àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì; ara wọn le, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yọni lẹ́nu. Nínú owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ayé òyìnbó, fàdákà gidi ni wọ́n fi rọ tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì láti 1913. Ní 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ́pò rẹ̀, torí náà bí ẹ bá rí 1920 lára owó, ọdún yẹn nìkan kò tó ẹ̀rí, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ dáadáa. Fàdákà kì í dógùn-ún, ńṣe ló ń dú, imí ọjọ́ ló sì ń fà á. Imí ọjọ́ wà nínú okùn rọ́bà, nínú èéfín, nínú bébà ìwé ìròyìn àti nínú aṣọ onírun, èyí ló jẹ́ kí a máa kìlọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí ní gbogbo ìgbà.

Bí ẹ bá ní onínì, ẹ́pìnnì tàbí kọ́bọ̀ onihò ọdún 1936, ẹ ka orúkọ ọba tó wà lára rẹ̀. Ọdún yẹn ni Edward VIII jẹ oyè, tó sì fi í sílẹ̀ kí ọdún tó parí. Nítorí pé owó onihò kì í ní orí ọba, orúkọ nìkan ló máa ń ní, wọ́n ti rọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn wọ̀nyí kó tó kúrò lórí ìtẹ́. Kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n gógó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ta yín ní ọ̀kẹ́ àìmọye. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó ní àyè tirẹ̀.

Ní báyìí ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: irin (èyí tí òòfà gbé, òun la ó máa pè ní owó irin), bàbà pẹ̀lú idẹ, fàdákà. Èyíkéyìí tó bá ní ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé, ìpáàrà tàbí nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú àwo gíláàsì. A ń bọ̀ wá bá a.

Ibi tí àpótí máa gbé

Kọ́bọ́ọ̀dù tó wà ní yàrá àárín ilé, ní pẹpẹ àárín, ló dáa jù. Ògiri tó kọjú síta ń fa omi látinú ilẹ̀ àti látinú òjò, ẹ jẹ́ kí àpótí jìnnà sí i tó 10 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán. Ẹ má gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù lókè téńté lábẹ́ sílíìnì páànù: ọ̀sán á yan án, òru á tutù, ìgbóná àti òtútù tó ń tẹ̀ lé ara wọn yìí ló ń mú kí ìrì sẹ̀ sára irin.

Ilé ìdáná kọ́. Ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ kọ́. Ibi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé kọ́. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í ronú kàn ni igun tí bátìrì invẹ́tà wà. Bátìrì olómi ń tú ásíìdì díẹ̀díẹ̀ sáfẹ́fẹ́ nígbà tó bá ń gba iná, ó sì lè ba gbogbo bàbà tó wà nínú yàrá jẹ́ láìsí ẹni tó máa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí ilé yín bá wà nítòsí Ògùnpa, Kúdẹtì tàbí odò mìíràn, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kí àpótí wà. Omíyalé 31 oṣù kẹjọ 1980 àti ti 26 oṣù kẹjọ 2011 kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti wá àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àpótí igi ńkọ́? Igi tutù, pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù tuntun tó ṣì ń rùn ń mí ásíìdì jáde. Wọn kì í ṣe ilé owó, bí kóló onípákó náà ò ṣe jẹ́ ilé rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ó tilẹ̀ burú jù fún owó ẹyọ: ásíìdì inú igi máa ń jẹ karawun rẹ̀, á hu ìyẹ̀fun funfun, á sì máa ṣí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí ẹ bá ní owó ẹyọ ìdílé, inú ike tiwọn ni kí ẹ kó wọn sí, kí ẹ má sì jẹ́ kí fínígà tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ kàn wọ́n láéláé, torí yóò yọ́ wọn.

Ohun tí ẹ máa rà, àti bí ẹ ṣe máa mọ ike tó ń pa owó

Ẹ yí ìdí ike náà sókè. Nọ́ńbà kan wà láàárín ọfà mẹ́ta. 1, 2, 4 àti 5 dáa. 3 ni PVC, ẹ sá fún un. Láti jẹ́ kí PVC rọ̀ ni wọ́n ṣe ń da òróró kan mọ́ ọn. Nínú ooru ilé wa, òróró yìí á máa sun jáde, á sì bo owó bí ìkẹ̀tẹ̀ àwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ pẹ́típẹ́tí. Àwọn ọ̀rá rírọ̀ tí wọ́n fi ń bo káàdì ìdánimọ̀ àti ọ̀pọ̀ álúbọ́ọ̀mù olójú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Dùgbẹ̀ jẹ́ PVC. Bó bá rọ̀, tó ń dán, tó sì ń rùn bí bàtà ike tuntun, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìdánwò kan wà fún ọ̀rá tí kò ní nọ́ńbà. Ẹ lọ síta gbangba. Ẹ fi ẹ̀mú mú wáyà bàbà kan, ẹ kì í bọ iná gáàsì títí á fi pọ́n tí iná rẹ̀ kò ní ní àwọ̀ mọ́. Ẹ fi kan ọ̀rá náà kí díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ padà tì í sínú iná. Bí iná bá jó ní àwọ̀ ewé, PVC ni. Ẹ má fa èéfín rẹ̀ símú.

Ohun tó kù láti rà kò pọ̀:

– Àpótí ike tó mọ́ kedere, lítà 5, nọ́ńbà 5 nídìí, tó ní ìkọ́ mẹ́rin àti okùn sílíkónì yíká ìdérí, irú èyí tí wọ́n fi ń kó oúnjẹ sí. Bí ẹ bá ní owó irin púpọ̀, ẹ ra méjì.
– Páálí olójú fèrèsé, 5 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó. Páálí ni, fèrèsé rẹ̀ jẹ́ Mylar, ọ̀rá tó mọ́ kedere tí kì í ṣe PVC. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti sábà máa rí i, ní ìdì 50 tàbí 100. Bí kò bá sí, ọ̀rá kékeré onízípù tí wọ́n ń kó oògùn sí ní kẹ́mísìtì ṣeé lò, owó kan fún ọ̀rá kan.
– Silica gel aláwọ̀ ọsàn, ìyẹn hóró kéékèèké tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, 100 gíráàmù. Èyí tó ń yí láti búlúù sí píńkì náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kóbáltì wà nínú rẹ̀, kò yẹ kí ọwọ́ lásán máa kàn án.
– Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin, èyí tó kéré tó páálí ìṣáná.
– Sítépílà, ẹ̀mú, pẹ́ńsù, ìwé ẹ̀kọ́ọ́sáìsì kan.
– Omi dístíìlì àti acetone gidi (kẹ́míkà olómi tó ń yọ́ òróró àti gọ́ọ̀mù), bó bá di dandan.

Àwọn pákẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà kì í ṣe ohun tí ẹ máa fọkàn tán. Kó tó dé ọwọ́ yín, ó ti mu omi yó láti orí ọkọ̀ òkun. Ìrẹsì tí àwọn kan ń dà sínú agolo náà kò ṣàǹfààní: eruku rẹ̀ ń lẹ̀, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀. Káńfọ̀ ńkọ́? Rárá. Òórùn rẹ̀ ń padà di ìyẹ̀fun lára owó, ó sì ń mú ike rọ̀.

Ẹ má fọ̀ ọ́

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun mìíràn, ẹ má gbàgbé èyí. Brasso, ọsàn wẹ́wẹ́, eérú, ọṣẹ ìfọyín, kànrìnkàn: gbogbo wọn ló ń bó awọ owó. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ kọ́bọ̀ onídẹ, á pọ́n, á dán, inú yín á dùn. Ẹ gbé e sábẹ́ gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbi ìmọ́lẹ̀: ẹ ó rí ìlà wẹ́wẹ́ tó ń sáré gba ibì kan náà, bí ẹni fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ erùpẹ̀. Kò sí ohun tó lè mú ìlà wọ̀nyẹn kúrò mọ́. Láàárín oṣù díẹ̀, dídán náà á lọ, àwọ̀ tó máa rọ́pò rẹ̀ á sì rí jákujàku. Ẹni tó mọ owó á mọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan pé wọ́n ti fọ̀ ọ́, iye tó máa san á sì já wálẹ̀. Àwọ̀ dúdú tó rọra bo fàdákà lórí ọgọ́rùn-ún ọdún kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ fi sílẹ̀.

Ohun méjì péré ni a gbà láyè.

Àkọ́kọ́, erùpẹ̀ ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ bàbà, idẹ tàbí fàdákà. Ẹ rẹ owó náà sínú omi dístíìlì nínú ife gíláàsì fún wákàtí 24, ẹ pààrọ̀ omi, ẹ tún rẹ ẹ́. Ohun tó bá fẹ́ kúrò á kúrò fúnra rẹ̀. Èyí tó bá kọ̀, ẹ gbà fún un. Ẹ má rẹ owó irin. Omi ẹ̀rọ, omi kànga àti pyọ́ wọ́tà kì í ṣe omi dístíìlì, iyọ̀ wà nínú wọn, iyọ̀ sì ni ọ̀tá bàbà. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Gate máa ń ní omi dístíìlì tí wọ́n ń bù sí bátìrì, ṣùgbọ́n ásíìdì bátìrì náà máa ń wà nínú irú ìgò kan náà. Kí ẹ tó lò ó, ẹ kán ìkán méjì sórí sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì. Bó bá hó, ásíìdì ni.

Èkejì ni òróró PVC, gọ́ọ̀mù sẹ́lótéèpù tàbí ọ̀rá ọwọ́. Acetone gidi látọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ́míkà fún yàrá àyẹ̀wò ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́, torí lọ́fínńdà àti òróró wà nínú ìyẹn. Ẹ dà á sínú ife gíláàsì, kó bo owó, ẹ dé e, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ rọra mi ife. Ẹ gbé owó bọ́ sínú acetone tuntun fún ìṣẹ́jú kan, ẹ wá tẹ́ ẹ sórí táwẹ̀lì kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má nù ún, kí ẹ má fi bọ́rọ́ọ̀ṣì rà á. Acetone máa ń gbiná kíá: ẹ ṣí fèrèsé, kí iná gáàsì, àtùpà àti sìgá jìnnà. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, ẹ lo tọ́ọ̀ṣì, ẹ má tan àbẹ́là.

Bí a ṣe ń mú un dání

Ọwọ́ fífọ̀, kó sì gbẹ dáadáa. Ẹ di etí owó mú láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, ẹ má tẹ ojú rẹ̀. Lórí táwẹ̀lì tó rọ̀ ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, torí tẹ́rásò kì í ṣàánú ohun tó bá já bọ́. Ẹ má sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀: ìkán itọ́ tí ẹ ò rí lónìí á di àmì dúdú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Bí a ṣe ń dì í

Ẹ fi rúlà wọn owó náà láti etí dé etí, ẹ mú páálí tí fèrèsé rẹ̀ fi mílímítà 1 sí 2 fẹ̀ jù ú. Bó bá há, etí páálí á bo etí owó. Bó bá fẹ̀ jù, owó á máa rìn kiri inú rẹ̀.

Ẹ kọ ohun tó yẹ sára páálí kí owó tó wọlé. Tó bá ti wọlé tán kí ẹ tó kọ̀wé, ẹnu pẹ́ńsù lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun imú ọmọ jòjòló fẹ́ eruku kúrò lójú fèrèsé, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ẹ gbé owó sí àárín, ẹ ká páálí lé e, ẹ fi ìka tẹ etí rẹ̀ yíká. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀: ẹ gún sítépílà kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítòsí etí páálí, kó jìnnà sí owó.

Iṣẹ́ kan kù tí ọ̀pọ̀ ń fò dá. Ẹ yí páálí padà, ẹ ó rí i pé ẹsẹ̀ sítépílà yọ gọnbu. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Tí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, bí páálí bá tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹsẹ̀ yẹn á ha fèrèsé aládùúgbò rẹ̀ títí yóò fi dé ojú owó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ mú owó jáde, gbogbo sítépílà ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ tán. Ẹni tó bá fa páálí ya láti ẹ̀gbẹ́ kan, sítépílà tó kù lá gba iwájú owó kọjá.

Páálí tó ní gọ́ọ̀mù tí kò nílò sítépílà wà lọ́jà. A ò fọwọ́ sí i fún ilé tí kò tutù: lóṣù kejì sí ìkẹta, nígbà tí ooru bá mú, gọ́ọ̀mù náà máa ń rọ̀, ó sì lè rìn dé etí owó.

Kọ́bọ̀ onihò kò gbọdọ̀ wà lórí okùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ìlò tí wọ́n fi dá ihò sí i nìyẹn láyé àtijọ́. Lórí okùn, ojú kan ń ha ojú kejì ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá gbé e.

Inú àpótí

Ọ̀sán gangan nígbà ọyẹ́ ni àkókò tó dáa jù láti di àpótí, nítorí afẹ́fẹ́ tó máa há sínú rẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Tí kò bá ṣeé dúró dè, ẹ dúró de ọ̀sán tí oòrùn ràn. Ẹ má dì í láàárọ̀ tí òjò ń rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rinrin wò, torí àwọn olówó pọ́ọ́kú máa ń purọ́. Ẹ bu iyọ̀ ìdáná kún ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, ẹ kán omi sí i títí á fi rí bí iyanrìn tútù, kó má yọ́ o. Ẹ gbé òun àti ẹ̀rọ náà sínú ike tó dé pinpin, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 12. Ohun tó yẹ kó kà ni 75. Bó bá ka 70, ẹ máa fi 5 kún ohunkóhun tó bá kà láti ọjọ́ náà lọ. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ to páálí ní ìdúró, kó má fún. Ó yẹ kí ìka lè ti wọ́n síwá sẹ́yìn. Ẹ wọn 50 gíráàmù silica gel sínú àpò aṣọ òwú kékeré, ẹ so ó, ẹ gbé e sí igun kan níbi tí kò ti ní kan owó. Ẹ̀rọ ìkà á kọjú síta kí ẹ lè máa wò ó láti ara ike láìṣí ìdérí. Ní ọjọ́ kejì, ó yẹ kó ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 45. Bí kò bá wálẹ̀, ìdérí ń mí: ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ há a sẹ́nu ìdérí, ẹ dé e, ẹ fà á. Ibi tí bébà bá ti rọra yọ jáde ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

50 gíráàmù lè mu omi bíi 10 sí 15 gíráàmù kó tó yó. Nígbà tí àwọ̀ ọsàn bá ti di àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, ẹ dà á sínú páànù irin tí ẹ kò fi dáná mọ́, ẹ gbé e sínú ààrò oníná ní ìwọ̀n ooru 110 sí 120 °C fún wákàtí 2. Kó má ju 120 lọ, àwọ̀ rẹ̀ á jóná. Ìgò gíláàsì oníìdérí ni kí ẹ ti jẹ́ kó tutù, torí bí ẹ bá fi í síta gbangba ní gbígbóná, kó tó tutù tán, á ti tún mu omi lọ́nà. Ìdí tí ẹ fi ra 100 gíráàmù rèé: ìlàjì á wà lẹ́nu iṣẹ́, ìlàjì á wà nínú ìgò.

Fún yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù: bí ẹ bá gbé àpótí jáde kúrò nínú òtútù bọ́ sínú ooru, ẹ má ṣí i fún wákàtí kan. Irin tutù nínú ooru máa ń làágùn bí ìgò mínírà.

Ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ fún owó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ẹ kọ ọ́ sára páálí àti sínú ìwé: iye owó náà, ọdún, irin rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù, ibi tí ẹ ti rí i, iye tí ẹ rà á. Ẹ wo lẹ́tà kékeré tó wà lára owó ayé òyìnbó, òun ló ń sọ ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́: H jẹ́ ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham, KN jẹ́ King's Norton. Ẹni tí kò kọ lẹ́tà yìí sílẹ̀ á tún ṣí páálí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Kí ìwé náà má gbé inú àpótí kan náà pẹ̀lú owó. Lára àpótí, ẹ kọ «Rìsíìtì iná àtijọ́». Kò sẹ́ni tó ń jí ìyẹn.

Nígbà òjò, ẹ máa wo ẹ̀rọ ìkà lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ẹ ṣí àpótí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ẹ wo gbogbo owó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tí nǹkan bá ti bàjẹ́

Ìyẹ̀fun àwọ̀ ewé tó rọ̀, tó fẹ́ẹ́rẹ́, lórí bàbà tàbí idẹ ló léwu jù. Ẹ fi igi ìtayín kàn án. Bó bá dà bí lẹ́búlẹ́bú, iyọ̀ ti wọnú irin náà, ihò ló sì ń gbẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Bó bá le, tó dán, tí kò ṣí, awọ ọjọ́ ogbó lásán ni, ẹ má dà á láàmú. Fún èyí tó léwu, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi dístíìlì, kí ẹ máa pààrọ̀ omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fi acetone lé omi kúrò lára rẹ̀, ẹ wá kó o sínú ike tirẹ̀ pẹ̀lú silica gel tirẹ̀, ní ìsàlẹ̀ 40. Tí ìyẹ̀fun bá padà wá, ẹ tún un ṣe.

Ìpáàrà lára owó 1991 kò ní oògùn. Ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́, awọ tó kù á bá a lọ. Ẹ fi igi ìtayín kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo síbẹ̀, ẹ fi aṣọ òwú tẹ àṣẹ́kù kúrò. Epo pupa àti òróró ìdáná ń di gọ́ọ̀mù, ẹ má lò wọ́n. Níwọ̀n ìgbà tí 1991 kò ṣòroó rí, ríra èyí tó mọ́ sàn ju ìwòsàn lọ.

Bí omi òjò bá wọ inú àpótí, ọjọ́ náà ni kí ẹ ṣiṣẹ́, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ yọ gbogbo owó kúrò nínú páálí tútù, ẹ kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ẹ tó ju páálí nù. Owó irin lẹ máa kọ́kọ́ mú: ẹ ṣàn án ní omi dístíìlì wéré, ẹ tì í bọ acetone, ẹ tẹ́ ẹ síbi tí fáànù ń fẹ́. Lẹ́yìn náà ni bàbà àti idẹ. Fàdákà ló lè dúró dè yín pẹ́ jù.